Lẹ́yìn Jẹjẹrẹ: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Gbà Wo Ìsoríkọ́ àti Wíwá Ìtumọ̀ Ayé

Ìsoríkọ́ lẹ́yìn jẹjẹrẹ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń dé bá ẹni tí àrùn náà kò pa, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé kókó náà kúrò, tí kẹ́mò ti parí, tí àwọn ará ilé sì ti ṣe ìdúpẹ́. Ó ju ìbànújẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Bí ayé bá sú èèyàn fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí oúnjẹ kò wọlé, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tàbí tí ọ̀rọ̀ ikú ń wá sí i lọ́kàn, àwọn oníṣègùn kà á sí àìsàn tó yẹ kí wọ́n tọ́jú. Ọ̀rọ̀ kejì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe àìsàn rárá: kí ni ẹni tó ti fojú kan ikú yóò fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe? Àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àríyànjiyàn tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ń dáhùn ti àkọ́kọ́, tí ẹlòmíràn ń dáhùn ti ìkejì, tí olúkúlùkù sì rò pé ohun kan náà ni àwọn ń sọ.

Ní àríwá Èkìtì, ilé ìwòsàn tó tóbi jù ní àyíká ni Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 gẹ́gẹ́ bíi Federal Medical Centre, kó tó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 2014. Ará Ìkọ̀lé yóò gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì kọjá kó tó dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìtọ́jú oníná tí wọ́n ń pè ní ìtànṣán ni, ìrìn náà máa ń gùn dé Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìṣirò àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé fún 2022 sọ pé ó lé ní 127,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún náà, àti pé nǹkan bí 79,500 ló bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tó yè máa ń mọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ jókòó gba kẹ́mò tí wọn kò sí mọ́.

Ṣé àìsàn ni, àbí ìrònú lásán?

Ní 1953, J. C. Carothers, oníṣègùn ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn adúláwọ̀. Èrò náà bá ìjọba amúnisìn lára mu, ó sì pẹ́ kó tó kú. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó fi ìwádìí já a ní koro. Òun, Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé wọn, tó jáde ní 1963, fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Kàkà kí aláìsàn sọ pé inú òun bàjẹ́, ara ló máa ń fi sùn: orí gbígbóná, àyà jíjá, nǹkan tó ń rìn káàkiri ara, àárẹ̀ tí ìsinmi kò mú lọ. Ewu èyí pọ̀ fún ẹni tó ti gba kẹ́mò. Àárẹ̀ tí oògùn fi sílẹ̀ àti àárẹ̀ ìsoríkọ́ jọ ara wọn bí ìbejì, jẹjẹrẹ ni aláìsàn àti nọ́ọ̀sì sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ìwádìí ńlá tí Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn darí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006, fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn 4,984 lẹ́nu wò ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkìtì sì wà lára wọn. Nínú àwọn tí àìsàn ọkàn wọn le gan-an, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún náà.

Síbẹ̀, àwọn tó ní kí wọ́n má ṣe sọ gbogbo ìrònú di àìsàn ní ẹ̀rí tiwọn. Ní 2013, Alex Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ lórí àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsoríkọ́ wà lára 11.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó sì wà lára 10.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí jẹjẹrẹ kò mú rí. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ìbẹ̀rù àti àìbalẹ̀ ọkàn ni ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn: 17.9 sí 13.9. Ohun tí èyí ń sọ ni pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀rù ló ń pẹ́ lára ju ìbànújẹ́ lọ. Àmọ́ ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, níbi tí ìjọba tàbí ìbánigbófò ti ń sanwó ìtọ́jú, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí ti wá. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iye náà wá sí Ìkọ̀lé kó sì pè é ní ti Ìkọ̀lé.

Àwọn oníṣègùn: kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ara wò

Èrò ẹ̀ka yìí ni pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtumọ̀ ayé. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ìrora tí kò lọ, ẹṣẹ́ ọrùn tí ìtànṣán ti dá lágara, nǹkan oṣù tí kẹ́mò dá dúró lójijì lára obìnrin tí kò tíì tó àsìkò, oògùn tó ń pa agbára ọkùnrin kù nítorí jẹjẹrẹ prostate: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú kí èèyàn dà bí ẹni tó sorí kọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ìtọ́jú tí kò la ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn ìsoríkọ́. Amitriptyline ti pẹ́, kò sì wọ́n. Ó ń mú oorun wá, ó sì ń rọ ìrora iṣan tó máa ń kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí kẹ́mò. Àmọ́ ó ń gbẹ ẹnu, ó ń fa ìgbẹ́ líle, ó lè dá ìtọ̀ dúró lára bàbá àgbàlagbà, ó sì léwu gidigidi bí ẹnì kan bá gbé e mì ju bó ṣe yẹ lọ. Sertraline àti fluoxetine dé lẹ́yìn rẹ̀, ewu tiwọn kéré. Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò dá. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ọmú ń lo oògùn tamoxifen fún ọdún 5 tàbí 10 kí àrùn náà má bàa padà, ẹ̀dọ̀ ni yóò sì sọ tamoxifen náà di ohun tó ń ṣiṣẹ́. Fluoxetine àti paroxetine ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ó mú kí jẹjẹrẹ padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí oògùn mìíràn bíi citalopram àti venlafaxine ti wà, kò sí ìdí láti fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó ń ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́mísìtì láìsọ pé òun ń lo tamoxifen kò lè mọ èyí.

Agbára ẹ̀ka yìí ni pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ìsoríkọ́ tó le, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ ikú ti wọ̀ ọ́. Kò sì béèrè pé kí aláìsàn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ìsoríkọ́ náà kò bá le púpọ̀, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ayédèrú hóró yọ. Oṣooṣù ni wọ́n ń rà á, àwọn oníṣègùn ọpọlọ kò sì ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ fún gbogbo Nàìjíríà tó lé ní mílíọ̀nù 200. Ìtìjú tún wà: ẹni tí wọ́n bá rí níwájú kílíníìkì àwọn aláìsàn ọpọlọ, wèrè ni ìlú yóò pè é.

Ohun kan tí ẹ̀ka yìí ní tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ìdárayá. Ìmọ̀ràn tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní 2019 ni pé rírìn kíákíá tàbí irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ń dín ìsoríkọ́, àìbalẹ̀ ọkàn àti àárẹ̀ kù lára ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ. Nílùú àwọn àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, nítorí ta ni kì í rìn lọ sóko? Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti yọ kókó abíyá wọn mọ́ ọmú mọ̀ pé apá lè wú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni pé kó má gbé ohun wúwo mọ́ láé. Ní Èkìtì, níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, obìnrin tí wọ́n ní kó má gbé ọmọ odó mọ́, tí kò sì lè ru iṣu bọ̀ láti oko, ti pàdánù ju oúnjẹ lọ. Àyè rẹ̀ nínú ilé ló bọ́. Ní 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìwádìí hàn pé gbígbé nǹkan wúwo díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ń bójú tó o, kò mú apá wíwú burú sí i, ó tilẹ̀ ń dín ìnira rẹ̀ kù. Ìwádìí nípa apá ni, àmọ́ ó kan ọkàn náà. Kò jọ pé ìmọ̀ràn àtijọ́ ti kúrò lẹ́nu gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera.

Títún ìrònú tò

Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka yìí ní Philadelphia ní nǹkan bí 1960 sí 1970. Ohun tó dúró lé ni pé ìrònú tó ti wọ́ ló ń bọ́ ìsoríkọ́, èèyàn sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìrònú bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Fún àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, ìrònú tó gbilẹ̀ jù ni pé ó ti padà. Ikọ́ díẹ̀, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yìn ríro, ó ti wọ eegun. Ní Australia, Phyllis Butow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tó ń kọ́ni láti mọ àmì tó yẹ kó gbéni lọ sọ́dọ̀ dókítà àti èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, àti láti má jẹ́ kí ẹ̀rù gba gbogbo ọjọ́. Ní 2017 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó dín ìbẹ̀rù kù ju kíkọ́ bí a ti ń sinmi ara lọ.

Dídára rẹ̀ ni pé ó ní ìwọ̀n, ó ní òpin, ẹni tí kì í ṣe dókítà sì lè kọ́ ọ. Ìwádìí kan tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, fi àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé ṣe ìtọ́jú ìsoríkọ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín sí ìpele ìpele. Lẹ́yìn ọdún 1, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ara wọn ti yá, ìbáà jẹ́ àwọn tó gba ẹ̀kọ́ onípele náà tàbí àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n kàn mú dára sí i. Àwọn kan ka èyí sí ìjákulẹ̀ fún ẹ̀kọ́ onípele náà. Èyí tó wúlò jù fún ìgbèríko ni pé òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀, bí wọ́n bá kọ́ ọ, tí ẹnì kan sì ń bojú wẹ̀yìn fún un, lè ṣe púpọ̀.

Àléébù rẹ̀ jinlẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lórí pé ìbẹ̀rù ti ju òótọ́ lọ. Níbi tí ẹni náà kò ti rówó ṣe àyẹ̀wò tí dókítà ní kó wá ṣe lẹ́yìn oṣù 6, ìbẹ̀rù kì í ṣe ìrònú wíwọ́. Kò tọ́ kí wọ́n kọ́ ọ láti má bẹ̀rù ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò fún un.

Àwọn tó ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìtọ́jú

Viktor Frankl, oníṣègùn ọpọlọ ará Vienna tó la àgọ́ àwọn Nazi já, Auschwitz pẹ̀lú, gbé ìwé kan jáde ní 1946. Ó ní wíwá ìtumọ̀ ló ń ti èèyàn síwájú ju ìgbádùn àti agbára lọ. Ibi mẹ́ta ló sì ti ń rí i: nínú iṣẹ́ tó bá ṣe, nínú ìfẹ́ àti ẹwà tó bá pàdé, àti nínú bó ṣe dúró níwájú ìyà tí kò ṣe é yẹ̀. William Breitbart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering, New York, sọ ọ́ di ìpàdé ọ̀sẹ̀ 8. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 253 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn ká, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2015: àwọn tó lọ sí ìpàdé ìtumọ̀ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ sí i, ìsoríkọ́ wọn sì dín kù ju ti àwọn tó wà ní ìpàdé ìtùnú lásán. Àwọn tó ń kú lọ nìwọ̀nyẹn o. Fún àwọn tó yè, àwọn ará Netherlands tún un ṣe, wọ́n sì fi 170 èèyàn dán an wò, àbọ̀ jáde ní 2017. Ìmọ̀lára pé ayé wọn ní ìtumọ̀ lágbára sí i.

Èyí nìkan ni ẹ̀ka tó dáhùn ìbéèrè kejì tààrà láìfi í pamọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Lára àwọn iṣẹ́ tó ń fún aláìsàn ni kó sọ ìtàn ibi tó ti wá, ohun tó jogún àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi oríkì kí ọmọ ní òwúrọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé e wá sí Ọyẹ́ tàbí Ìrè, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kéré ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Àríwísí rẹ̀ wá láti ọ̀nà méjì. Obìnrin tó kàwé, tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ló mú wọn, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò láàárín àwọn tó yè. Àgbẹ̀ tí jẹjẹrẹ prostate mú kò pọ̀ nínú wọn. Ìkejì ni pé wíwá ìtumọ̀ lè di ẹrù. Ní 1996, Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún ìdàgbàsókè tó ń tẹ̀lé ìpọ́njú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń sọ bí jẹjẹrẹ ṣe sọ èèyàn di ẹni rere. Barbara Ehrenreich, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ ọmú mú òun náà, kọ ìwé ní 2009 láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ó ní fífi ipá mú aláìsàn rẹ́rìn-ín jẹ́ ìyà kejì. Ohun tí ìwádìí sì fi hàn ni pé ẹnì kan lè sọ pé òun ti dàgbà nínú ìpọ́njú kó sì tún sorí kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Òṣùwọ̀n yìí tún ń béèrè pé kí ẹni náà rántí irú ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìrántí bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan.

Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti orí òkè

Ìgbàgbọ́ ni ọ̀nà tó sún mọ́ni jù ní àríwá Èkìtì, kò sì gbowó ìwé ìwòsàn. Ìsọjí tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930 dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́dún yẹn kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní 1959, àwọn èèyàn ṣì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Ó fi àdúrà àti omi sí ipò tí oògùn wà, ìtàn yẹn sì ṣì ní agbára lórí bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń wo ìwòsàn. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, sùúrù àti kádàrá ló ń fún ìpọ́njú ní àyè, bíbẹ aláìsàn wò sì jẹ́ ojúṣe tí ẹ̀sìn pa láṣẹ.

Kenneth Pargament, onímọ̀ ọkàn ará Amẹ́ríkà, pín ọ̀nà tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń fara da ìpọ́njú sí méjì ní nǹkan bí 1997. Ọ̀kan gbára lé Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí alábàárìn, èkejì rí i bí ẹni tó ń fìyà jẹni tàbí tó ti kọni sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń bá ìlera ọkàn rìn, ìkejì ń bá ìsoríkọ́ rìn. Nítorí náà, kíkà á pé ẹni náà ní ẹ̀sìn kò tó. Irú ẹ̀sìn tó ń gbé lọ́kàn ló ṣe pàtàkì.

Ibì kan wà tí àwọn ìwé òkèèrè kì í sábà mẹ́nu bà. Nínú ìjọ, ìdúpẹ́ àti ìjẹ́rìí máa ń ti ìtàn àìsàn náà pa: Olúwa ti ṣe é, ó ti parí. Ẹni tó ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ, ibo ni yóò ti tún dìde sọ pé òun kì í sùn lóru? Bí ó bá sọ ọ́, yóò dà bí ẹni tó ń gba ẹ̀rí rẹ̀ padà. Lílọ fún àyẹ̀wò lè dà bí iyèméjì, lílo tamoxifen náà bẹ́ẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá sì padà, ìtìjú yóò gorí ìrora. Ìjẹ́rìí fúnra rẹ̀ ń ṣe rere: ó ń sọ aláìsàn di ẹni tí wọ́n ń yọ̀ fún, ó sì ń fún un ní ìtàn tó ní ìtumọ̀. Àìsí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣòro. Ìjọ tí àlùfáà rẹ̀ bá mọ èyí lè ṣe ohun tí kílíníìkì kò lè ṣe.

Orí, ẹbí àti àwọn babaláwo

Nínú ìmọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́, orí tí èèyàn yàn ni ó ń darí ayé rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀, ẹbọ àti ìwà ń ràn án lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n dí i lọ́nà. Ẹni tí jẹjẹrẹ kò pa lè sọ pé orí òun gbè é. Ọ̀rọ̀ yẹn fún un ní ibi tó lè dúró sí láìní dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ètò náà tún ń kó ẹbí jọ, nítorí àìsàn ẹnì kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Lambo rí agbára yìí. Ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ìbátan kọ̀ọ̀kan, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 2020, ìwádìí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana fi hàn pé àwọn aláìsàn ọpọlọ líle máa ń sàn sí i níbi tí oníṣègùn ìbílẹ̀, wòlíì àti òṣìṣẹ́ ìlera bá ti jọ tọ́jú wọn. Kì í ṣe ìsoríkọ́, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn náà ti ṣí.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Nígbà tí ìbéèrè bá yí láti orí ohun tó fà á sí orí ẹni tó fà á, ìka lè nà sí ìyá àgbà kan nínú agbo ilé, ẹbí tó yẹ kó wo ọgbẹ́ náà sàn á sì fọ́. Àgbo pẹ̀lú lè bá oògùn ilé ìwòsàn jà nínú ẹ̀dọ̀ kan náà.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ti là á já

Ní 1997, lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ọmú mú òun fúnra rẹ̀, Betty Anyanwu-Akeredolu dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kí àwọn obìnrin lè rí àwọn tó ti la irú rẹ̀ já. Èrò ẹ̀ka yìí rọrùn: ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ló lè tu ẹni tó wà níbẹ̀ nínú. Ìtàn ẹ̀rí rẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1989, David Spiegel ní Amẹ́ríkà kéde pé ìpàdé ẹgbẹ́ mú kí ẹ̀mí àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn ká gùn sí i, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní 2001, Pamela Goodwin ní Kánádà tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀mí kò gùn sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn fúyẹ́, ìrora wọn sì dín kù, pàápàá ti àwọn tí ìdààmú wọn pọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ìdajì kejì ìtàn yìí bí wọ́n ti ń sọ ti àkọ́kọ́.

Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn kí wọ́n sì bá àwọn tí ọkàn wọn wúwo yanjú ìṣòro kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò wọn lára èèyàn 573, tó jáde ní 2016, fi hàn pé ìsoríkọ́ dín kù gidigidi. Èkìtì kò ṣaláìní ìyá àgbà. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni pé ìlú kéré. Ní Ayédé tàbí Ìtàpá, ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àti ẹni tó ń gbọ́ ọ lè jẹ́ ará ìjọ kan, ọmọ ẹgbẹ́ àjọ kan, tàbí àna ara wọn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọmú, ilé ọmọ tàbí agbára ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́ dé ọjà. Ọkùnrin pàápàá kì í yọjú sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Owó àti iṣẹ́

Èrò ìkẹyìn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró nínú ọkàn rárá. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ kòkó kan láti san owó kẹ́mò, tí ọmọ kan kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, tí gbèsè ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ṣì wà nílẹ̀, ìsoríkọ́ kì í ṣe ohun ìyanu. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ owó ìwòsàn ṣì ti ń jáde. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, rọ́pò èyí tó ti wà láti ayé amúnisìn. Dídára èrò yìí ni pé ó tọ́ka sí ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe, kò sì di gbogbo ẹrù ru aláìsàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ìsoríkọ́ máa ń mú ọlọ́rọ̀ pẹ̀lú, tálákà púpọ̀ kì í sì í sorí kọ́.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àwọn ọ̀nà tí ẹ̀rí wọn lágbára jù ni wọ́n dán wò jìnnà sí àríwá Èkìtì, àwọn tó sún mọ́ ilé jù, ìjọ, ẹbí àti ẹgbẹ́, ni ẹ̀rí wọn kò tíì pọ̀. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, tó tún ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ilé ìwòsàn Ìdó. Irú ìwádìí tó lè dí àlàfo náà kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá.

Bóyá ìsoríkọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú kí ìtumọ̀ lè tẹ̀lé e, àbí ìtumọ̀ tó bá dé ni yóò lé ìsoríkọ́ lọ, kò tíì sí ìdánwò tó pín in yékéyéké. Kò tíì yé àwọn onímọ̀ bí wọ́n ṣe lè ya àárẹ̀ kẹ́mò sọ́tọ̀ sí àárẹ̀ ìsoríkọ́ lára ẹni tí ara ló fi ń sọ̀rọ̀ ọkàn, nítorí ìwé ìbéèrè tó gbajúmọ̀ jù, tí Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà ní 2006, ń ka àárẹ̀, oorun àti àìjẹun mọ́ àmì ìsoríkọ́ bákan náà. Ti ọkùnrin ṣì wà nínú òkùnkùn. Ìbéèrè mìíràn tí àwọn ìjọ nìkan lè dáhùn ni bóyá àyè lè wà nínú ìsìn fún ẹni tó ti jẹ́rìí láti tún wá sọ pé kò tíì dára tán. Èyí tó le jù ni ti iye ọdún: títí di ìgbà wo ni kí wọ́n máa ka ẹnì kan sí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, níwọ̀n bí jẹjẹrẹ ọmú kan ti lè padà lẹ́yìn ogún ọdún, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé ó ṣàìsàn rí láti ọjọ́ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù?